Ọwọ́ Ìyá Lára Wáyà

Ọdún tí a kọ́kọ́ ra tẹlifíṣọ̀n ní Ṣakí, ilé wa di ojúde. Dúdú àti funfun ni, ọkọ mi sì so èríà rẹ̀ mọ́ orí ọparun gíga kan lẹ́yìn ilé. Àwòrán rẹ̀ kì í dúró. Bí nǹkan bá ti ń dùn báyìí ni gbogbo ojú rẹ̀ yóò funfun, bí ìgbà tí wọ́n ń sẹ́ èlùbọ́ sí i. Ọkọ mi á lọ di ọparun mú, èmi á dúró lójú fèrèsé.

"Ẹ yí i sọ́nà Ìsẹ́yìn. Ẹ ti yí i jù, ẹ dá a padà sọ́nà Kíṣí díẹ̀."

Bó bá ṣèèṣì yí i sọ́nà Ìjìó, Faransé la ó máa gbọ́ láti òdìkejì bodè.

Ìyá ọkọ mi ò bìkítà fún un rárá, àfi ìgbà tí a gbọ́ pé ọmọbìnrin rẹ̀, àbígbẹ̀yìn tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Ìbàdàn, yóò wà lára àwọn tí yóò dáhùn ìbéèrè lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ Sátidé. Láti ìgbà tí ọmọ náà ti lọ ni Ìyá ti gbà pé ebi ń pa á níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kì í sì í jẹun yó mọ́. Gbogbo ẹni tó bá ti Ìbàdàn dé ló ń sọ pé ara ọmọ le, èsì kan náà ni Ìyá sì ń fún wọn: "Ìròyìn ò tó àfojúbà."

Lọ́jọ́ náà, ó kírun Àsárì tán, ó we gèlè, ó jókòó síwájú gbogbo wa. Iná wà. Àmọ́ bí ètò ṣe bẹ̀rẹ̀ ni èlùbọ́ dé. Ọkọ mi yí ọparun títí, ohùn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ há. Inú bí Ìyá. Ó bọ́ sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, ó ní òun fẹ́ wo ibi tó ń dùn ún. Bó ṣe gbá wáyà èríà mú ni àwòrán mọ́ gaara.

"Ẹ má gbọwọ́ kúrò, Ìyá," ni mo wí.

Mo gbà á dì mú, kò ṣiṣẹ́. Ọkọ mi sáré wọlé dì í mú, ó tún burú sí i. Ọjọ́ kejì ló tó rí i pé eku ti jẹ wáyà náà já, ẹ̀gbà bàbà ọwọ́ Ìyá ló so ó pọ̀. Lọ́jọ́ ètò yẹn, ohun tí a mọ̀ ni pé ọwọ́ Ìyá nìkan ni tẹlifíṣọ̀n gbà. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀: gbogbo àdúgbò rí ọmọ rẹ̀ kedere, òun tó bí i wà lẹ́yìn àpótí, kò rí nǹkan kan.

"Ṣé òun ló ń sọ̀rọ̀ yẹn?" ló ń bèèrè. "Ojú rẹ̀ ńkọ́?"

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo sáré wọ yàrá, mo gbé dígí ńlá tí mo fi ń dirun wá, mo kúnlẹ̀ síwájú tẹlifíṣọ̀n, mo sì kọjú dígí náà sí i. Àwọn ará ẹ̀yìn ń kùn pé orí mi dí wọn. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ìyá na ọrùn, ó wo inú dígí títí.

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti kún," ló wí jẹ́jẹ́. "Wọ́n ń fún un lóúnjẹ."

Ló bá jáwọ́ nínú wáyà, ó padà sórí àga rẹ̀. Èlùbọ́ bo gbogbo nǹkan, a ò mọ ẹni tó gbégbá orókè, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ sọ pé kó padà sẹ́yìn. Ó ní kí n bu oúnjẹ wá fún òun. Ó jẹ ẹ́ tán, ó ní kí n tún bù sí i, inú mi sì dùn bí mo ṣe ń lọ bù ú.