Ìròyìn Láti Inú Kọ́bọ́ọ̀dù

Ọdún kan péré ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi ṣáájú mi dáyé, nítorí náà kò sí "wọ́n" fún un nínú ìtàn yìí. Tó bá gbọ́, kó bínú. Agbóhùnsáfẹ́fẹ́ ni. Ó ti tó ogún ọdún tó ti ń ka ìròyìn ìrọ̀lẹ́ lórí rédíò, Ìyá Ìròyìn sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Bó bá ń bú ọ gan-an, ohùn yẹn á ṣì máa dùn. Ìgbà tó bá lọ tán lo máa tó mọ̀ pé èébú lo gbà.

Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn dé, tí ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ká mi mọ́, ọ̀gá rẹ̀ sì ní kó máa ṣiṣẹ́ láti ilé. Wọ́n gbé ẹ̀rọ kékeré kan wá fún un, wọ́n ní kó wá yàrá tí ohùn kì í ti í dún padà. A dán pálọ̀ wò, ajá ẹ̀yìnkùlé ò gbà. A dán ilé ìwẹ̀ wò, ohùn rẹ̀ ń dún bíi ti ẹni tó já sí kànga. Ìgbà tó yá ni mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ ọkọ rẹ̀. Awakọ̀ tírélà ni ọkọ rẹ̀, kò sì sí ibi tó wakọ̀ dé tí kì í ti í ra kóòtù bọ̀. Ọjọ́ pẹ́ tí tọkọtaya náà ti ń jà lórí wọn, èmi gan-an ni mo sọ ọ́ ní Bàbá Kóòtù. Ẹ̀gbọ́n mi gbé àpótí ìjókòó sáàárín wọn, ó ka gbólóhùn kan, ẹnjinníà tó ń gbọ́ ọ lórí fóònù sì ní ó dáa ju sítúdíò lọ.

Bó ṣe di pé inú kọ́bọ́ọ̀dù la ti ń ka ìròyìn nìyẹn. Kó tó wọlé, èmi ni mo máa ń ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù sí i létí, kó lè mọ ibi tí ahọ́n ti lè kọsẹ̀. Èmi náà ni mò ń ṣọ́ ilẹ̀kùn. Lọ́sàn-án, á tún wọbẹ̀ lọ sọ ìtàn lórí rédíò fún àwọn ọmọ tí kò rí ilé ìwé lọ. Ọ̀gá rẹ̀ ní nínú gbogbo òṣìṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni ìgbélé ò sọ di ọ̀lẹ.

Ohun tí ọ̀gá ò mọ̀ ni pé ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ti gbé ikọ́ bọ̀ láti ìrìn àjò tó lọ kẹ́yìn. Àwọn aláṣọ funfun wá gbé e lọ sí ọsibítù, wọn ò jẹ́ ká tẹ̀ lé e. Orí fóònù la ti ń gbóhùn rẹ̀, títí ohùn náà fi di èémí lásán.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọsibítù pè. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ẹ ṣeun, a dúpẹ́," ó sì gbé ìgbálẹ̀. Ó gbá pálọ̀ tí mo ti gbá láàárọ̀. Wọ́n ti sin ọkọ rẹ̀ kí wọ́n tó pè wá. A ò rí òkú, a ò mọ sàréè. Èmi ni mo sunkún. Mo ní kí n pe ọ̀gá rẹ̀ pé kò ní lè kàròyìn lónìí, ó ní, "Ka ọ̀rọ̀ náà sí mi létí, àbúrò."

Mo kà á. Àwọn tí àrùn pa lọ́jọ́ náà jẹ́ mẹ́tàdínlógún. Àwa méjèèjì mọ ẹni tó wà lára wọn. Ó wọlé, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń já geere: "Ènìyàn mẹ́rìndínlógún ló jáde láyé lónìí."

Mo rò pé ahọ́n ló yọ̀. Ọ̀gá rẹ̀ pè, ó ní mẹ́tàdínlógún ni gbogbo rédíò yòókù kà. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ti gbọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó tún dín àpapọ̀ àwọn tó ti kú ní ẹyọ kan. Lọ́jọ́ kẹta, bákan náà. Tó bá sì kàròyìn tán, kì í tètè jáde mọ́. Mo máa ń gbọ́ ọ nínú kọ́bọ́ọ̀dù, tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, tó ń dákẹ́ bí ẹni ń gbọ́ èsì, tó ń rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan ó jáde, òórùn ọkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀, ó ní, "Ó ní kí n kí ẹ."

Kí n má purọ́, ẹ̀rù bà mí. Ohun tó sì bà mí lẹ́rù jù ni pé díẹ̀ ló kù kí n ní kó bá mi kí i. Ibo ni mo fẹ́ sá lọ? Adìẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò rọ adìẹ. Mò ń dáná, mò ń fọṣọ, mò ń rọra kọjá níwájú kọ́bọ́ọ̀dù. Nígbà míì tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú yàrá, mo máa ń gbọ́ tí àwọn hángà ń kan ara wọn níbẹ̀.

Ọ̀gá rẹ̀ tún pè. Ó ní àwọn ènìyàn ti ń pe rédíò àwọn ní onírọ́, tí ẹ̀gbọ́n mi bá tún ṣì í kà lọ́la, òun á gbé ìròyìn fún ẹlòmíràn. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Kò burú, sà." Mo mọ "kò burú" rẹ̀. Ó ṣe tán láti pàdánù iṣẹ́ ogún ọdún dípò kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọkọ òun kú.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ló wá ká a mọ́. Ìlú mìíràn ni Màmá ń gbé, àbúrò ọkọ tó ń gbé nítòsí wọn ló sì lọ túfọ̀ fún wọn lọ́jọ́ tí ọ̀gá pè yẹn. A ti ń retí ẹkún wọn, wọn ò pè. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, bó ṣe ku díẹ̀ kí ìròyìn bẹ̀rẹ̀, wọ́n pè, ara wọn yá gágá.

"Ìyàwó mi, ṣé dáadáa lo wà? Wọ́n mà wá purọ́ fún mi níbí pé ọmọ mi ti lọ. Mo ní kí wọ́n panu mọ́. Gbogbo rédíò ka mẹ́tàdínlógún, ìwọ nìkan lo ka mẹ́rìndínlógún, mo sì mọ̀ pé o kì í purọ́. Ẹni tó ṣẹ́kù yẹn, ọmọ mi ni. Mo ti lé gbogbo àwọn tó wá bá mi kẹ́dùn. Mo ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ìgbà wo ni wọ́n máa dá a sílẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n mi na fóònù sí mi. Mo gbà á, mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ìròyìn ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀." Wọ́n ní àwọn ti tan rédíò àwọn sílẹ̀.

Ó dúró níwájú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ní, "Tí mo bá kà á, àbúrò, ọkọ mi máa dákẹ́."

Mo ní, "Màmá ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì." Ó wọlé, kò sì jẹ́ kí n ti ilẹ̀kùn.

Ó ń ka ìròyìn lọ, kò kọsẹ̀. Nígbà tó dé orí àwọn òkú, ó nawọ́ sáàárín aṣọ. Mo rí i tó di apá kóòtù kan mú.

"Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, àṣìṣe kan wà tí mo fẹ́ tún ṣe. Lọ́jọ́ mélòó kan sẹ́yìn, mo sọ fún yín pé ènìyàn mẹ́rìndínlógún ló kú. Mẹ́tàdínlógún ni wọ́n. Awakọ̀ ni ẹni tí mo yọ sílẹ̀. Ó ní ìyá, ó sì ní ìyàwó. Kì í ṣe pé mi ò mọ̀ ọ́n kà. Mi ò fẹ́ kó kú ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Lẹ́yìn náà ló ka ti ojú ọjọ́.

Bó ti pa ẹ̀rọ, ó jókòó, ó ń tẹ́tí. Èmi náà tẹ́tí. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, aṣọ lásán ni. Ìgbà yẹn ni ẹkún tó gbé e. Fóònù dún, mo gbé e sí i létí. Mo rò pé Màmá máa bú u.

"Mo gbọ́, ìyàwó mi," ni wọ́n wí. "O kà á dáadáa. Má tíì pa fóònù, jẹ́ ká jọ sunkún rẹ̀."