Ẹ̀gbọ́n Mi Tó Ń Ṣe Aṣíbodè

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, bóyá inú mi á rọlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò jalè rí, kò sì dalẹ̀ ọ̀rẹ́ rí. Iṣẹ́ tíátà ló ń ṣe. Èmi náà wà níbẹ̀, èmi ni mò ń rán aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ sórí ìtàgé.

Lọ́dọọdún, tí àyájọ́ òmìnira bá pé, eré kan náà ni gbọ̀ngàn wa máa ń ṣe: bí àwọn baba ńlá wa ṣe dá orílẹ̀-èdè yìí sílẹ̀. Ọkùnrin kan wà nínú eré yẹn tó ṣí ibodè fún ọ̀tá. Aṣíbodè ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń ṣe é láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Tó bá ti na ọwọ́ mú ọ̀pá tí wọ́n fi dábùú ibodè, gbogbo gbọ̀ngàn á dìde, wọ́n á hó lé e lórí: ọ̀dàlẹ̀, ọ̀dàlẹ̀. Àwọn òbí á gbé ọmọ lé èjìká kí ọmọ náà lè hó. Inú ariwo yẹn ni orin orílẹ̀-èdè ti máa ń yọ, kò sẹ́ni tó ń dá a. Àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ̀lú, tó bá ti hó lé Aṣíbodè lẹ́ẹ̀kan, ó ti di ọmọ ilé nìyẹn.

Ó dùn lójú àwọn tó ń wò ó. Ẹ wá bi àwa ọmọ ìyá rẹ̀. Nínú ilé tó háyà, gbogbo ayálégbé ló ní kọ́kọ́rọ́ géètì àfi òun. Onílé á máa rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ má bínú o, Bọ̀dá. Ta ló máa fún Aṣíbodè ní kọ́kọ́rọ́?" Ẹ̀fẹ̀ ni, àmọ́ kò fún un náà. Òjò á máa pa á níta títí ẹnìkan á fi gbọ́ pé ó ń kanlẹ̀kùn. Tí mo bá bínú, ẹ̀gbọ́n mi á ní ọbẹ̀ kì í mì nínú àgbà. Màá ní ọbẹ̀ ọ̀hún ti fẹ́ bẹ́ ẹ nínú.

Ó fara dà á títí ó fi kan ọmọ rẹ̀. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí, nọ́ọ̀sì ni, rí ọkọ: ọmọ oníbúrẹ́dì tó wà ní ìkángun àdúgbò wa. Oníbúrẹ́dì fúnra rẹ̀ wá jókòó sí pálọ̀. Ó mu omi tán, ó ní, "Mi ò ní nǹkan kan sí yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ wò ó, kí wọ́n máa pe ọmọ-ọmọ mi ní ọmọ ọ̀dàlẹ̀? Ẹ fi eré yẹn sílẹ̀, ká mú ọjọ́ ìgbéyàwó."

Ẹ̀gbọ́n mi kò jiyàn. Ó lọ bá ọ̀gá tíátà, ó bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà. Wọ́n wá ọkùnrin mìíràn, gìrìpá, olóhùn iyọ̀. Mo tú aṣọ Aṣíbodè, mo tún un rán sí ìwọ̀n rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mò ń kọrin nídìí ẹ̀rọ.

Nígbà tí àyájọ́ pé, ẹ̀gbọ́n mi jókòó láàárín èrò bí èèyàn gidi, ọmọ rẹ̀ lọ́tùn-ún, èmi lósì. Oníbúrẹ́dì wà níwájú wa. Ó yíjú, ó kí wa tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó pe ẹ̀gbọ́n mi ní àna òun. Etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ.

Ọkùnrin tuntun yẹn jáde, ó mú ọ̀pá. Gbọ̀ngàn dákẹ́. Ẹnìkan hó díẹ̀, ojú tì í. Ẹlòmíràn bú sẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin náà mọ iṣẹ́ o, kì í ṣe ẹjọ́ rẹ̀. Wọn ò kàn mọ bí wọ́n ṣe máa kórìíra rẹ̀ ni. Ibodè ṣí, ọ̀tá wọlé, orin kò yọ. Ìyá arúgbó kan lẹ́yìn wa bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún pé ìlú ti bàjẹ́.

Ìgbà yẹn ni oníbúrẹ́dì dìde. Ó ní, "Èyí kọ́. Aṣíbodè wa dà?" Àwọn tó wà nítòsí gbà á lẹ́nu rẹ̀, ni gbogbo ilé bá ń fẹsẹ̀ kilẹ̀: Aṣíbodè wa dà, Aṣíbodè wa dà. Ojú wọn wá bọ́ sára ẹ̀gbọ́n mi.

Mo di apá rẹ̀ kan mú, ọmọ rẹ̀ di èkejì mú. Mo ní, "Ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pariwo títí ọ̀fun á fi gbẹ wọ́n." Ó rọra yọ apá rẹ̀ lọ́wọ́ wa, ó gorí ìtàgé pẹ̀lú aṣọ tí mo rán fún un láti fi bá àna jókòó, ó mú ọ̀pá. Ariwo tó sọ, mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Orin gba gbogbo ilé. Àwọn tí kò mọra wọn ń dì mọ́ra. Oníbúrẹ́dì ń kọrin, omijé ń dà lójú rẹ̀.

Lẹ́yìn eré, ó wá bá wa ní yàrá ìwọṣọ. Ó di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì mú. "Ẹ ṣeun. Ẹ tún jẹ́ ká mọ ẹni tí a jẹ́." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yẹn, ẹ̀yin náà ti rí i. Kò ṣe é ṣe mọ́." Àánú wa ń ṣe é. Ká ní ìkà ló fi ṣe é ni, ǹ bá rí ibi bú u dé.

Nígbà tó lọ, ọmọ náà bi bàbá rẹ̀ pé, "Kí ló dé tí ẹ dìde?"

"Wọ́n pè mí ni."

"Kò sẹ́ni tó pe orúkọ yín níbẹ̀, Bàbá."

Ọmọ náà mú báàgì rẹ̀, ó sì jáde.