Fáìlì Ohun Tó Wọlé àti Ohun Tó Jáde

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi tọ́jú fáìlì fún ìjọba kí n tó fẹ̀yìn tì. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ìwé kan ṣoṣo ò sọnù lọ́wọ́ mi. Mo ń sọ èyí ṣáájú kí ẹ tó gbọ́ ohun tí mo ṣe, kí ẹ má baà rò pé n kò mọ iṣẹ́. Mo mọ iṣẹ́. Ohun tó kó bá mi gan-an nìyẹn.

Ọmọ ọmọ mi ọkùnrin lọ̀rọ̀ náà dá lé lórí, ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà náà. Ìyá rẹ̀ ni àkọ́bí mi. Inú ẹ̀sítéètì kan ní Ṣàngótẹ̀dó ni wọ́n ń gbé, níbi tí àwọn tó ń ṣọ́ géètì ti máa ń bi mí lójoojúmọ́ pé ta ni mo wá kí, èmi tí mo ń sun inú ilé náà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ọmọ mi àti ọkọ rẹ̀ á ti jáde lọ síbi iṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi bẹ̀ mí pé kí n wá bá wọn tọ́jú ọmọ. Mo ti ilẹ̀kùn fúláàtì mi ní Jakande pa, mo kó ẹrù mi sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, mo dé.

Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo fi rí i pé ìgbẹ́ ọmọ náà kì í lọ. Ọjọ́ mẹ́rin, ọjọ́ márùn-ún, a ó kàn máa wo ojú ara wa. Bí ìgbẹ́ bá ti ń gbọ̀n ọ́n, ẹ̀yìn kọ́tìnnì pálọ̀ ló máa sá lọ. Á dúró lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀, á fún ìdí pọ̀, á máa làágùn. Èyí tó yà gbẹ̀yìn ti le bí òkúta, ó sì dùn ún gan-an, kò fẹ́ kí òmíràn jáde mọ́. Bó ṣe ń pa á mọ́ náà ló ń le sí i. Lọ́jọ́ kan mo rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ nínú póò rẹ̀. N kò lè jẹun lọ́jọ́ náà.

A gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ọmọdé kan ní Ajah, obìnrin kan tí kò tíì dàgbà púpọ̀, tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Ó tẹ ikùn ọmọ náà wò, ó béèrè ohun tó ń jẹ. Ó ní mílíìkì ti pọ̀ jù, búrẹ́dì àti bisikíìtì náà ti pọ̀ jù. Ó ní kí a máa fún un ní ìbẹ́pẹ, ọsàn, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, kó máa mu omi dáadáa, kí mílíìkì má sì ju kọ́ọ̀pù kan lọ lóòjọ́. Bó bá ti jẹun tán, kí a gbé e ka póò, kí a má sì jágbe mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ̀rọ̀ tó dá gbogbo wàhálà sílẹ̀. Ó ní kí a máa kọ gbogbo ohun tí ọmọ náà bá jẹ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọmọ mi ti ń yọ fóònù láti máa tẹ̀ ẹ́ sínú rẹ̀. Mo ní kó dá a padà sínú báàgì. Ta ló ń fi fóònù ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ níbi tí mo wà?

Mo ra fáìlì aláwọ̀ ilẹ̀, mo fi okùn fáìlì so ó, mo kọ nọ́ńbà sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Mo fa ìlà sí àárín ewé. Apá òsì ni Ohun Tó Wọlé, apá ọ̀tún ni Ohun Tó Jáde. Ẹnikẹ́ni tó bá fún ọmọ lóúnjẹ gbọ́dọ̀ kọ aago, kó sì fọwọ́ sí i. Ọkọ ọmọ mi, ọ̀gá ńlá ni níbi iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó kọ ọ́ sínú fáìlì mi pé ọmọ jẹ ẹ̀wà, mo dá a padà fún un. Mo kọ ọ́ sí etí ìwé pé, “Ṣíbí mélòó?” Ó kọ èsì sí abẹ́ rẹ̀ pé, “Mẹ́fà, Màmá.” Inú pálọ̀ kan náà la jókòó sí o, lórí àga kan náà, tí a ń kọ lẹ́tà síra wa nítorí ẹ̀wà.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ òótọ́ ibẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní, mo ra ìbẹ́pẹ tó pọ́n dáadáa lọ́jà Ṣàngótẹ̀dó, mo gé e wẹ́wẹ́. Ọmọ náà wò ó bí ẹni tí wọ́n bú bàbá rẹ̀. Mo fi ọ̀kan sí i lẹ́nu, ó tu ú sórí ìró mi. Mo tún fi òmíràn sí i, ó bú sẹ́kún. Èmi kì í sì í ṣe ẹni tó ń fi oúnjẹ ṣòfò. Mo gbé àwo náà wọ kíṣìnnì, mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ fíríìjì, mo jẹ ẹ́ tán. Mo wá ṣí fáìlì, mo kọ ọ́ pé: “Ìbẹ́pẹ, àwo kan. Ó tán.” Mo fọwọ́ sí i. Ṣé irọ́ ni? Àwo ṣáà tán. Bí a ṣe ń kọ ọ́ níbi iṣẹ́ nìyẹn. A máa ń kọ ọ́ pé iṣẹ́ ti parí, ẹnikẹ́ni kì í sì í béèrè ẹni tó ṣe é.

Ọjọ́ kejì, ẹ̀wà ni. Ọjọ́ kẹta, ẹ̀fọ́ ṣọkọ. Mo jẹ gbogbo rẹ̀ ní ìdúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì. Ebi á wá máa pa ọmọ, ojú rẹ̀ á rẹ̀wẹ̀sì, ọkàn mi á bàjẹ́. N ó po tíì tí mílíìkì rẹ̀ ki dáadáa, n ó rẹ búrẹ́dì sínú rẹ̀, á jẹ ẹ́ tán, á rẹ́rìn-ín sí mi. Èyí n kò kọ sínú fáìlì. Mo sọ fún ara mi pé oúnjẹ kọ́ ni, oògùn ẹkún ni.

Ohun tó yẹ kó là mí lójú ni agolo mílíìkì. Agolo ńlá kan tán láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Ọmọ mi ra òmíràn wálé, kò béèrè ẹni tó mu ún. Mo ti rò pé èmi ni mo fi po tíì ọmọ tán, mo pa ẹnu mi mọ́. Nígbà tó tún yá, ọkọ rẹ̀ náà gbé agolo kan wálé, òun náà ò sọ nǹkan kan. Àgbàlagbà mẹ́ta nínú ilé kan, mílíìkì ń gbẹ bí omi, kò sẹ́ni tó béèrè ibi tó ń lọ.

Èmi fúnra mi ń gbádùn. Ikùn mi fúyẹ́, ìró mi ń tú nídìí, ara mi ń dán. Ọmọ mi ní, Màmá, ẹ̀ ń kéré sí i ní ọjọ́ orí. Mo ní atẹ́gùn Ṣàngótẹ̀dó ni.

Ọ̀sẹ̀ méjì pé, a padà sí Ajah. Dókítà gba fáìlì, ó yìn mí pé ìwé mi dára, orí mi wú. Ó ń ṣí i ní ewé kọ̀ọ̀kan. Apá òsì kún bí oko: ìbẹ́pẹ, ó tán. Ẹ̀wà, ó tán. Apá ọ̀tún ní tirẹ̀: kò sí, kò sí, kò sí, òkúta kékeré kan, kò sí. Nígbà tó fi dé ìdajì, ojú rẹ̀ ti yí padà.

Ó ní ọmọ tó bá ń jẹ báyìí tí ìgbẹ́ rẹ̀ kò lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé oúnjẹ kọ́ ló ń ṣe é. Ó ní ó lè jẹ́ pé ìfun rẹ̀ ní àléébù láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Òun máa kọ lẹ́tà sí ilé ìwòsàn ńlá, wọ́n á fún un lóògùn oorun, wọ́n á gé bíńtín lára ìfun náà láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó mú bírò. Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ọkọ rẹ̀ kọjú sí ògiri.

N kò jẹ́wọ́ lójú ẹsẹ̀, mo gbà. Mo ronú nípa ìbuwọ́lù mi tó wà ní gbogbo ewé fáìlì yẹn, àti ọkọ ọmọ mi tí mo ti ń dá ìwé padà fún. Mo tiẹ̀ ń sọ lọ́kàn mi pé bóyá ìfun náà ní àléébù lóòótọ́. Bírò ti kọ ìlà méjì. Mo wá bojú wo ilẹ̀, mo rí ọmọ náà lábẹ́ tábìlì, ó wọ bàtà òsì sí ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó ń bá ara rẹ̀ ṣeré. Wọ́n fẹ́ gé e lára nítorí ìwé mi.

Mo ní, “Dókítà, ẹ dá bírò yẹn dúró. Èmi ni mo jẹ ìbẹ́pẹ yẹn.”

Ó ní èwo nínú wọn.

“Gbogbo ẹ̀. Ẹ̀wà yẹn náà. Ẹ̀fọ́ náà, àyàfi ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kan ètè ẹ̀.”

Ọmọ mi nu ojú, ó rọra sọ pé ọsàn tí òun kọ, bisikíìtì ni, àti ìgò mílíìkì kan kó lè sùn. Ọkọ rẹ̀ wúkọ́. Ó ní bí òun bá ti ń tibi iṣẹ́ dé, ìpékeré àti mílíìkì ni òun máa ń fún un, torí ọmọ náà máa ń rẹ́rìn-ín sí òun. Mo ní ẹ̀wà ṣíbí mẹ́fà ńkọ́?

“Màmá, ẹ̀yin lẹ béèrè iye ṣíbí. Mo ní láti fi nǹkan kan dáhùn.”

Dókítà ka mílíìkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí ìka, tèmi, ti ìyá, ti bàbá. Ó ní mílíìkì lásán lọmọ yìí fi ń yó, kò ku àyè fún oúnjẹ kankan. Ó wá fi fáìlì bo ojú, mo sì rí i tí èjìká rẹ̀ ń mì. Nígbà tó ṣí ojú, ó bi mí bóyá èmi ń ṣe gbọ̀nsẹ̀ dáadáa. Mo ní ẹ̀ẹ̀mejì láràárọ̀.

“Ìtọ́jú náà ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, Màmá. Ẹni tó gbà á la ṣì.”

Ó ti lẹ́tà náà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó fún wa ní oògùn olómi tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀, ó ní kí a fi òótọ́ ṣe é fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, bí kò bá sí ìyàtọ̀, òun á parí lẹ́tà náà. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tiwa ò tiẹ̀ lọ jìnnà.

Lọ́jọ́ kejì, mo gé ìbẹ́pẹ. Nítorí pé kò sí ohun tí mo tún fẹ́ fi pamọ́, mo jókòó sílẹ̀ ní pálọ̀, mo ń jẹ ẹ́ ní gbangba. Ọmọ náà dúró síwájú mi, ó ń wo ẹnu mi. Ó béèrè ohun tí mo ń jẹ. Mo ní tèmi ni. Ó na ọwọ́ sínú àwo, ó mú ọ̀kan, ó jẹ ẹ́, ó tún mú òmíràn. Inú bí mi sí ara mi. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi sá pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì, nígbà tó jẹ́ pé kó rí mi níbi tí mo ti ń jẹ ẹ́ ni gbogbo ohun tó ń fẹ́. Ẹ̀wà náà, inú àwo mi ló ti jẹ ẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, a gbé e ka póò ní pálọ̀. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń díbọ́n pé a ń ṣe nǹkan mìíràn. Bàbá rẹ̀ tiẹ̀ dorí fóònù kodò, ó ń kà á bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà di ìka mi mú, ó rún ojú, ẹ̀rù ń bà á. Mo ní kò ní dùn ọ́ mọ́, mo sì ń gbàdúrà kí n má tún purọ́. Nígbà tó yá, a gbọ́ ọ. Kò sunkún. Ó dìde, ó wo inú póò, gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tuntun. Ó rọ̀, ó pọ̀, kò sí ẹ̀jẹ̀. Omijé dà lójú mi, n kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ìtìjú ti jẹ́ kí n ti fáìlì yẹn sábẹ́ aṣọ mi nínú báàgì. Ọmọ náà, tí kò tíì wọ pátá, ní kí n lọ gbé e wá. Mo gbé e wá, mo ṣí ewé tuntun, mo kọ aago sí apá ọ̀tún. Ó di ọwọ́ mi mú.

“Màmá, ẹ kọ ọ́ pé èmi ni.”

Mo kọ ọ́. Mo fún un ní bírò, ó sì fọwọ́ sí i.