Ẹni Tó Bá Gba Èbù

Ọjọ́ tí ọkùnrin kan láti Lomé wọ yàrá iṣẹ́ wa ní Atakpamé, inú mi dùn débi pé mo fi àga mi lọ̀ ọ́. Àga méjì péré la ní, èmi àti Kọfí tí a jọ ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, nítorí náà ìdúró ni mo fi gbọ́ ohun tó bá wá. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́ gba ètò wa tó ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ fóònù sókè ní èdè Ifẹ̀, èdè wa níhìn-ín ní Togo, kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n sì máa tà á.

Ohùn Dàda Yawa ló wà nínú ètò náà. Dàda là ń pe ìyá àti ẹ̀gbọ́n ìyá; Yawa sì ni orúkọ obìnrin tí a bá bí ní Ọjọ́bọ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni, àgbẹ̀ oníṣu ní Moretan. Ojú rẹ̀ ti fọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin máa ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i láti Gabon, ṣùgbọ́n aládùúgbò ló ń bá a kà á, kí ilẹ̀ sì tó ṣú, gbogbo ọjà ti gbọ́. Ìdí nìyẹn tó fi jókòó ti ẹ̀rọ wa, tó sọ̀rọ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há. Síbẹ̀, ohùn tí ètò náà ń mú jáde ń kọsẹ̀ bí ẹni tó ń rìn lórí òkúta. Dàda ò gbọ́ ìdajì rẹ̀, àwa náà ò sì mọ ohun tí a tún lè ṣe sí i.

A ti pinnu láti tú kóòdù ètò náà, ìyẹn àwọn ìlà tí a fi kọ ọ́, sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ìwé àṣẹ ìlò rẹ̀ ló kù. Oríṣi kan sọ pé: mú un, tún un ṣe, tì í mọ́lé bó bá wù ọ́, ṣáà dárúkọ wa. Èkejì sọ pé: mú un, tún un ṣe, tà á pàápàá, ṣùgbọ́n ẹni tí o bá fún gbọ́dọ̀ rí kóòdù rẹ̀ gbà, tòun ti àtúnṣe rẹ, kó sì ní ẹ̀tọ́ kan náà. Ti àkọ́kọ́ ni ará Lomé ń fẹ́.

"Ama, fún un," ni Kọfí wí. "Bí a bá so okùn mọ́ ọn, ẹni tó lè tún un ṣe á sá lọ."

"Bó bá tún un ṣe tán, tó wá tì í pa ńkọ́?"

"Ó kúkú sàn ju èyí tó ń ké bí ewúrẹ́ tí òtútù mú lọ!"

Ó dùn mí, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. A wọkọ̀ lọ bá ẹni tó ni ohùn.

Dàda ń ṣa èbù iṣu lábẹ́ igi. "Ẹ fún wọn," ló wí, "kí n ṣáà gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ mi."

Kọfí fúnra rẹ̀ ni kò jẹ́ kó parí síbẹ̀. "Dàda, wọ́n lè tì í o. Ẹni tí kò bá lówó ò ní gbọ́ tirẹ̀."

Ọwọ́ Dàda dúró. Ní Moretan, ẹni tó bá gba èbù láti fi bẹ̀rẹ̀ oko lè jẹ iṣu rẹ̀, ó lè tà á, ẹnikẹ́ni ò ní bi í. Ṣùgbọ́n bí ẹlòmíì bá wá tọrọ èbù, kò gbọdọ̀ sọ pé kò sí.

"Mi ò mọ ẹni tó fún ẹni tó fún mi," ló wí. "Bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣe é."

"Ó lè pẹ́ o, Dàda."

"Ta ló gbin iṣu lónìí tó jẹ ẹ́ lọ́la?"

Ìwé àṣẹ kejì la lò. Ará Lomé dúpẹ́, ó lọ, a ò rí i mọ́. Òjò bẹ̀rẹ̀, òjò tán, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan kóòdù wa. Ẹ̀rù bà mí pé èmi ni mo dínà mọ́ ìyá àti ọmọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí i. Olùkọ́ kan ní orílẹ̀-èdè Benin, ní òdìkejì ibodè níbi tí wọ́n ti ń sọ Ifẹ̀, ti bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tún ètò wa ṣe fún àwọn ọmọ iléèwé. Bí wọ́n ṣe ń pín in ni wọ́n tú kóòdù tiwọn náà sílẹ̀, bí ìwé àṣẹ wa ti wí. Mo dán an wò, mo sì káwọ́ lérí. Ohùn náà ń rìn geere. Àwọn tí kò rí wa rí, tí a kò fún ní ife omi kan, ni wọ́n tú kókó tó dè wá. Mo sunkún, Kọfí ò sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

A gbé e lọ sí Moretan. Fóònù Dàda sọ̀rọ̀, ohùn òun fúnra rẹ̀ ló ń kà á fún un: "Dàda, mo ti bímọ. Obìnrin ni. Ọjọ́bọ̀ ni mo bí i, Yawa ni òun náà."

Ó ní kó tún un sọ. Lẹ́yìn náà ló béèrè ẹni tó tún un ṣe.

"A ò mọ̀ wọ́n, Dàda. Òdìkejì ibodè ni wọ́n wà."

Ó gbé fóònù náà mọ́ àyà.

"Ẹ bá mi sọ fún wọn pé èbù náà hù."