Owó Tí Bàbá Mi Kò Fẹ́ Ṣírò

Ìyá àgbà ń to àgbàdo funfun sórí ẹní, hóró kan fún ẹgbẹ̀rún fáráǹ kọ̀ọ̀kan tó wọlé. Ẹ̀wà pupa ló dúró fún èyí tó jáde. Wọn ò mọ̀wé. Ọṣẹ ni wọ́n ń tà lọ́jà Atakpamé, òórùn rẹ̀ kì í sì í kúrò lára aṣọ wọn. Mo jókòó tì wọ́n, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Bàbá mi, tí í ṣe ọmọ wọn, dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Takisí ni bàbá mi ń wà lọ sí Anié. Owó tó bá ṣẹ́kù nírọ̀lẹ́ la fi ń jẹun. Bí ìyá àgbà bá ní kí wọ́n máa ṣírò, bàbá mi á ní, "Ìyá, àwọn olówó ló ń ṣèyẹn." Lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ́ńjìnnì mọ́tò kú. Bàbá mi fẹ́ ta ilẹ̀ kan ṣoṣo tá a ní kí wọ́n lè tún un ṣe.

"Kó o tó tà á," ni ìyá àgbà wí, "jókòó, sọ fún mi ohun tí mọ́tò yìí ń mú wá àti ohun tó ń jẹ."

Bàbá mi jókòó. Wọ́n ń rántí díẹ̀díẹ̀: epo, táyà, mẹkáníìkì, owó gáréjì. Nígbà tó yá, ẹ̀wà pọ̀ ju àgbàdo lọ.

"Mo ti fura, Ìyá. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo rò pé bí mi ò bá wò ó, á dára."

Ìyá àgbà ò rẹ́rìn-ín. "Wọn ò kọ́ èmi ní ìṣirò owó nílé, wọn ò kọ́ ìwọ náà ní lékọ́ọ̀lù tó o ti kàwé. Ẹni tó bá sì béèrè, wọ́n á ní ahun ni."

Mọ́tò la tà, a ò ta ilẹ̀. Bàbá mi ra alùpùpù, wọ́n fi ń gbé èrò gun àwọn òkè Atakpamé. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, àwọn àti ìyá wọn á jókòó ṣírò. Kò pẹ́ tí bàbá mi tún fi bẹ̀rẹ̀ sí í sùn dáadáa. Mo máa ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń hanrun ní yàrá kejì, ọkàn mi á balẹ̀.

Ọ́fíìsì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Mo ń rí àwọn tó kàwé jù mí lọ tí wọn kì í fẹ́ wo ìwé ìṣirò owó wọn tí báńkì ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù. N kì í pè wọ́n ní ọ̀lẹ. Àyà tèmi náà máa ń já díẹ̀ kí n tó ṣí ìwé tèmi. Mo máa ń rántí ohùn jẹ́jẹ́ tí ìyá àgbà fi bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo sì máa ń ṣí i.