Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn Múfútáù Atúnrédíòṣe

"Lọ́yà, ṣé ìgbà tí ọmọ mi bá ṣẹ̀wọ̀n tán ni wọ́n ó tó wá sọ fún un pé kò jẹ̀bi?"

Ìyá Múfútáù ló bi mí bẹ́ẹ̀ ní ọ́fíìsì wa ní Takie, l'Ógbòmọ̀ṣọ́, nígbà tó kù díẹ̀ kí ọdún 1990 wọlé. Mi ò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ lọ́yà nígbà náà. Ọ̀yọ́ ni ìyá ti ń wọkọ̀ wá. Bó bá ti lọ wo ọmọ rẹ̀ lọ́gbà ẹ̀wọ̀n níbẹ̀, ọ̀dọ̀ wa ló kàn.

Rédíò ni Múfútáù ń tún ṣe ní Sábó, l'Ógbòmọ̀ṣọ́ kan náà. Oníbàárà kan gbé rédíò wá fún un, kò sì padà wá mọ́. Ọlọ́pàá ló wá, wọ́n ní jíjí ni wọ́n jí i. Adájọ́ ní Múfútáù gba ẹrù olè, ó sì rán an lẹ́wọ̀n ọdún méjì. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, a ti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, kí kóòtù gíga lè tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. A tọrọ béèlì, wọn ò gbà.

Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé gbọ́ àfi tí wọ́n bá tẹ gbogbo ohun tí wọ́n sọ ní kóòtù àkọ́kọ́ jáde, nítorí ọwọ́ ni adájọ́ fi ń kọ ọ́. Táípíráítà kóòtù sì ti bàjẹ́. Bí mo bá lọ béèrè, Ìyá Bọ́lá tó ń tẹ̀wé níbẹ̀ á ní, "Ẹ ṣe sùúrù, lọ́yà. Ẹjọ́ tiyín nìkan kọ́ ló wà nílẹ̀."

Ẹ̀wọ̀n náà ti kọjá ìdajì nígbà tí ìyá bi mí ní ìbéèrè yẹn. Mo wọlé tọ ọ̀gá mi lọ, mo ní ká bẹ kóòtù gíga kí wọ́n tètè gbọ́ ẹjọ́ náà.

Ọ̀gá mi jẹ́ àgbà Onítẹ̀bọmi tí kì í pariwo. Ó wò mí. "Bí wọ́n bá gbà, kí ni wọ́n ó fi tẹ̀wé?"

"Táípíráítà wa ni, sà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ni o máa gbé e o."

Ní kóòtù gíga, lọ́yà ìjọba ní àwọn mìíràn ti wà lórí ìlà ṣáájú wa. Òótọ́ ló sọ. Mo wá tún ọ̀rọ̀ ìyá sọ gẹ́lẹ́ bó ṣe sọ ọ́. Adájọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n tẹ̀wé náà kíákíá, ó sì dá ọjọ́ tó sún mọ́ fún wa.

Mo gbé táípíráítà wa dé kóòtù àkọ́kọ́, èjìká mi fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀. "Ẹ̀yin lọ́yà yìí!" ni Ìyá Bọ́lá wí. Ó jókòó, ó tẹ tiwa tán, ó sì tẹ tàwọn mìíràn kún un kó tó jẹ́ ká gbé e lọ.

Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, adájọ́ béèrè pé, "Ta ló jẹ́rìí pé ó mọ̀ pé wọ́n jí rédíò náà ni?"

Lọ́yà ìjọba ṣí ìwé síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn. "Kò sí, Olúwa mi."

Ẹni tí kò bá mọ̀ pé ẹrù olè ni kò lè jẹ̀bi. Wọ́n dá Múfútáù sílẹ̀. Èmi àti ìyá la lọ pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì ọgbà ẹ̀wọ̀n l'Ọ̀yọ́. Ó ti rù. Ó dọ̀bálẹ̀ fún wa, ó dìde.

"Ẹ ṣeun, sà. Àwọn oṣù tí mo lò níbí ńkọ́?"

"Dákẹ́, Múfútáù, máa dúpẹ́," ni ìyá rẹ̀ wí.

Mo ní kó má dákẹ́. Láti ọjọ́ náà títí mo fi fẹ̀yìn tì, ọjọ́ tí mo bá pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fún ẹlẹ́wọ̀n ni mo máa ń bẹ kóòtù pé kí wọ́n tètè gbọ́ ọ. Àwọn ẹgbẹ́ mi sọ mí ní Lọ́yà Oníkánjú. Mo ń jẹ́ ẹ.