Ajá Bàbá Mi Kò Jẹ Àgbọ̀nrín

Wọ́n ní ajá bàbá mi ń jalè. Ibẹ̀ ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni inú ti kọ́kọ́ bí mi, inú náà kò sì tíì rọ̀ títí di òní.

Ayé Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni, nígbà tí a ṣì ń lọ sí Àkúrẹ́ fún gbogbo ohun tó bá jẹ mọ́ iṣẹ́ ìjọba. Tíṣà ni mí ní Àrámọkọ. Bàbá mi ń gbé ní abúlé wa lẹ́yìn Ìlogbò, ó ń dáko, ó sì ń ṣọdẹ. Ọjọ́ orí ti ń dé sí i, orúnkún kan ń dùn ún, kò lè sáré tẹ̀lé ẹran mọ́. Ajá rẹ̀, abo pupa kan tí etí rẹ̀ ya, ni ó ń bá a sáré. Bí ajá náà bá kú, ọdẹ ṣíṣe bàbá mi parí nìyẹn. Gbogbo abúlé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún tí iná jó oko kòkó wa, koríko gba ibi tí igi wà, igbó di ọ̀dàn níbi púpọ̀. Àwọn ọdẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Wọn á yìnbọn fún àgbọ̀nrín nírọ̀lẹ́, wọn á ní kí ilẹ̀ mọ́ kí àwọn tọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìwo àti awọ ni wọn yóò bá níbẹ̀. Èyí tí tàkúté mú pàápàá, nǹkan ti jẹ ẹ́ kù. Ojú ẹsẹ̀ wà nílẹ̀, ó jọ ti ajá. Olórí ọdẹ lóṣòó, ó wò ó dáadáa, ó ní ajá ni. Kò sì sí ajá ọdẹ tó tó nǹkan lábúlé wa bí kò ṣe ti bàbá mi.

Bàbá mi sọ fún wọn pé ajáko ni. Ó ní bàbá tòun sọ fún òun nípa rẹ̀: ẹranko ìgbẹ́ tó jọ ajá, inú ọ̀dàn ló ń gbé, ó ti pẹ́ tó ti kúrò lọ́dọ̀ wa. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ìgbà tí ọwọ́ bá tẹ olè ló máa ń rántí ẹni tó jọ òun.

Òfin kan wà láàárín àwọn ọdẹ wa: ajá tó bá ń jẹ ẹran lójú tàkúté, Ògún ló ni ín, ẹni tó ni ajá kò sì gbọdọ̀ bẹ̀bẹ̀. Olórí ọdẹ ti lọ sí ojúbọ, ó ti sọ fún Ògún pé ajá yìí ni àwọn yóò fi bọ ọ́ lọ́dún náà. Ọ̀rọ̀ tí a bá ti sọ níbẹ̀, a kì í kó o jẹ.

Bàbá mi kò bá wọn jiyàn mọ́. Ó fa ajá náà wá sí Àrámọkọ, ó so ó mọ́ ẹ̀yìn ilé ìdáná mi.

Ó ní, "Ọmọ mi, jẹ́ ọ́ wà n'ulé rẹ. Bí ẹran bá tún sọnù l'ugbó, a á mọ̀."

Mò ń bọ́ ọ kí n tó lọ sílé ẹ̀kọ́, mò ń bọ́ ọ nígbà tí mo bá dé, mo sì máa ń fa okùn náà wò bóyá ó le. Gbogbo àsìkò yẹn, nǹkan ń jẹ àgbọ̀nrín lọ lóko bí ẹni tí wọ́n pè síbi ìnáwó. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ta ló sọ fún mi? Wọ́n ní èmi ni mò ń tú u sílẹ̀. Ajá tí yóò ti Àrámọkọ rìn dé oko wa, tí yóò jẹ àgbọ̀nrín yó, tí yóò padà wá ki ọrùn ara rẹ̀ bọ okùn kí ilẹ̀ tó mọ́! Àgbàlagbà ló jókòó tó sọ ọ̀rọ̀ yìí, àgbàlagbà mìíràn sì ń mi orí sí i.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ọdún Ògún, mo fa ajá náà lọ sábúlé fúnra mi. N kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé a gbé e sá. Àwọn ọdẹ ti pé sí ojúbọ pẹ̀lú ìbọn wọn, okùn wà lọ́wọ́ olórí ọdẹ. Bàbá mi dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan bí àlejò. Ẹni tó ti fi ẹran ìgbẹ́ bọ́ ìdajì wọn nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Ó dùn mí wọ eegun.

Olórí ọdẹ na ọwọ́. "Tíṣà, mú un wá."

Mo ní, "Bàbá, ta ló rí ajá yìí l'ugbó?"

"Ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ l'a rí."

"Kò jáde n'ulé mi. Mo ṣe tán láti fi ẹnu kan urin."

Ẹni tó bá fi ẹnu kan irin níwájú Ògún tó sì purọ́, irin ni yóò pa á. Kò sí ẹni tó ń fi ìyẹn ṣeré lọ́dọ̀ wa. Èmi sì rèé, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ pé kí wọ́n má forí balẹ̀ fún òrìṣà. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Bí mo bá di Bíbélì mú níbẹ̀, wọn á fi mí rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe fi bàbá mi rẹ́rìn-ín. Ohun tí wọ́n bẹ̀rù ni mo fẹ́ fi búra fún wọn.

Bàbá mi ní, "Má ṣe é." Mo gba àdá lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní bí ajá yìí bá kúrò nílé mi láti ọjọ́ tí bàbá mi ti so ó mọ́bẹ̀ títí mo fi fà á wá láàárọ̀ yìí, kí Ògún má jẹ́ kí n délé. Mo fi ẹnu kan àdá náà, ó ń run oje igi. Lẹ́yìn náà, mo nà án sí olórí ọdẹ.

"Ó ku ẹ̀yin, bàbá. Ẹ búra pé ajá yìí ni."

Ó wo àdá, ó wo àwọn èèyàn rẹ̀. Ó ní àgbà kì í bá ọmọdé búra. Mo ní kí ẹlòmíràn wá ṣe é nígbà náà. Mo na àdá sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo akọni tó ń gbé ìbọn wọ igbó, kò sẹ́ni tó gbà á. Nígbà tó yá, olórí ọdẹ ká okùn rẹ̀. Ajá mìíràn ni wọ́n rà fún Ògún lọ́dún yẹn. Ọ̀rọ̀ tí a kì í kó jẹ, wọ́n kó o jẹ.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí ọdẹ kan fi yìnbọn pa ajáko lọ́nà Ìdó-Ilé, ó gbé e wálé, gbogbo ayé wò ó. Kò sí ẹni tó wá sọ fún bàbá mi pé ẹ pẹ̀lẹ́.

Ó wá ku ti ìjọ. Wọ́n gba kíláàsì àwọn ọmọdé lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n máa jókòó sẹ́yìn, kí n má ṣe jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa títí n óò fi jáde síwájú ìjọ láti sọ pé mo ṣẹ̀. Mo bi pásítọ̀ pé irọ́ wo ni mo pa. Ó ní n kò purọ́, ṣùgbọ́n irin ni mo fi búra. Mo ní n kò ní í tọrọ àforíjì nítorí òtítọ́.

Lọ́dún yẹn náà, bàbá mi àti ajá rẹ̀ pa àgbọ̀nrín ńlá kan. Ó fi itan kan ránṣẹ́ sí pásítọ̀, pásítọ̀ gbà á, ó sì dúpẹ́. Lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó wá bá mi lẹ́yìn ìsìn, ó ní ìjọ ṣì ń retí ẹ̀bẹ̀ mi.

Mo ní, "Sà, ẹran tí ajá yẹn pa ńkọ́? Ṣé ó dùn?"

Láti ìgbà náà, pásítọ̀ kan á lọ, òmíràn á dé. Ẹ̀yìn ni mo ṣì ń jókòó, n kò sì tíì bẹ̀bẹ̀.